Ojú Ọjọ́ Tedé fún Ọ̀sẹ̀ Yìí

Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí aago mẹ́jọ tó lù, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ ka ojú ọjọ́. Àwa mẹ́ta ni Bàbá àti Màmá bí. Ọ̀kan ń gbé Ìbàdàn, ọ̀kan ń gbé Èkó, ọ̀kan wà ní Ìlú Ọba. Kò sí ẹni tó ń gbé Tedé mọ́ nínú wa, ṣùgbọ́n tí a bá ṣí áàpù ojú ọjọ́ lórí fóònù, Tedé ló máa ń kọ́kọ́ jáde kó tó kan ìlú tí a ń gbé gan-an. Ẹni tí iṣẹ́ kàn lọ́sẹ̀ náà á wo ohun tí fóònù sọ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, á sọ ọ́ sínú fóìsì nóòtì, á jù ú sínú gúrúùpù ilé lórí WhatsApp. Màmá á tẹ̀ ẹ́, á gbé fóònù sún mọ́ etí Bàbá. Tí Bàbá bá gbọ́ ọ tán, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń ka owó, Màmá á wá bá a tẹ fóònù mọ́lẹ̀ kó lè fèsì. Èsì náà kì í gùn. "Ó dáa." Ó parí.

Ó ti di ọdún kẹrin tí a ti ń ṣe é. "Ó dáa" yẹn ni owó iṣẹ́ wa. Lọ́dún kejì, Bàbá gbà á padà lọ́wọ́ wa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ la fẹ́ sọ.

Tí ẹ kò bá mọ Tedé, kò burú. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́tà àwọn ìlú ni wọ́n kó jọ sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ: A jẹ́ ti Àgọ́-Àrẹ́ aládùúgbò wa, T jẹ́ ti Tedé. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ ìlú náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jẹ oúnjẹ rẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń já sílẹ̀ lọ́jà Ìbàdàn àti Èkó, láti Òkè-Ògùn ni ọkọ̀ ti ń kó o wá. Oko Bàbá kò ní kànga, kò ní ẹ̀rọ tó ń fa omi. Omi tó bá ti òkè wá ni omi tó wà. Ẹni tó ń gbé Èkó ń wo ojú ọjọ́ kó lè mọ̀ bóyá kóun sá aṣọ síta. Ẹni tó wà ní Tedé ń wò ó kó lè mọ̀ bóyá kóun gbé owó òun sínú ilẹ̀.

Kí àwa tó di oníròyìn ojú ọjọ́, Bàbá kò nílò ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ọyẹ́ bá ti lọ, tí ooru oṣù kejì àti ìkẹta bá mú débi pé ìta la ń tẹ́ ẹní sùn sí, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́. Ìlà-oòrùn ló máa ń kọjú sí. A rò pé torí kí oòrùn má baà wọ̀ ọ́ lójú ni. Màmá ní tiẹ̀, inú ilé ìdáná ló ti ń wo òjò. Ike iyọ̀ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á gbẹ bí iyanrìn. Lọ́jọ́ tí iyọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ṣíbí, tó ń sun omi, Màmá á ké láti ilé ìdáná pé, "Bàbá wọn o, iyọ̀ ti ń sunkún!" Bàbá á rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti máa pọ́n ọkọ́.

A kà á sí eré tọkọtaya. Ìgbà tí a wá dàgbà, tí a ka ìwé díẹ̀, la tó mọ̀ pé iyọ̀ kì í parọ́. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, láti àríwá ìlà-oòrùn. Gbígbẹ ni, òun ló ń gbé ọyẹ́ bọ̀. Èkejì ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Omi ló kún inú rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní, ìtòsí etíkun ló máa ń wà. Bí oòrùn bá ti ń lọ sí àríwá, ààlà yẹn náà á máa tẹ̀ lé e, á máa gòkè, títí á fi kọjá Nàìjíríà tó bá fi di oṣù kẹjọ. Ọjọ́ tó bá kọjá lórí Tedé, afẹ́fẹ́ olómi á wọ ìlú, iyọ̀ á sì fa omi mu. Iyọ̀ Màmá kò sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ohun tó ń sọ ni irú afẹ́fẹ́ tó wà nílé.

Ìlà-oòrùn tí Bàbá ń kọjú sí náà nídìí. Omi inú òjò wa ń ti orí òkun wá lóòótọ́, láti ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ìjì tó ń gbé òjò náà ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Òkè-Ògùn á ti rí i rí: ògiri dúdú kan á dìde lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, afẹ́fẹ́ tútù á kọ́kọ́ dé pẹ̀lú eruku, ilẹ̀kùn á máa pa ara rẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ni ọ̀wààrà òjò á dà sílẹ̀. Bàbá kò ka ìwé kankan lórí rẹ̀. Ó kàn mọ ọ̀nà tí àlejò máa ń gbà wọlé ni, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó gbé fóònù wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú. Àkọ́rọ̀ á rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta, àwọn èèyàn á gbìn, òjò á wá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn ò jẹ́ tuntun, ó ti ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ó ti wá ń lemọ́lemọ́ jù, pé òjò ti dà bí ẹni tó ń ṣe ìlérí fún obìnrin méjì. Ìgbà yẹn la dá a lábàá pé àwa á máa wo ojú ọjọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níbí. Kì í ṣe torí òjò nìkan la ṣe gbà á. Ojú ń tì wá. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko sì ni owó tó fi rán wa níléèwé ti wá, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wa tó lè kọ ebè mẹ́wàá kó má sinmi. Kíka ojú ọjọ́ jọ iṣẹ́ oko. Ó jẹ́ ká lè sọ fún ara wa pé àwa náà wà lóko.

Ọdún àkọ́kọ́ dára. Ohun tí a sọ ń ṣẹ, tàbí kí a sọ pé èyí tí kò ṣẹ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbéraga díẹ̀ wọ̀ wá lára. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kà á.

Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún kejì, òjò ńlá kan ti rọ̀ ní ọjọ́ bíi mẹ́fà ṣáájú. Ní alẹ́ Àìkú, fóònù gbé àwòrán ìkùukùu àti mànàmáná sí iwájú ọjọ́ mẹ́rin tò léra. Ìṣẹ́gun, 80 nínú 100. Ọjọ́rú, 70. Ọjọ́bọ̀, 75. Ẹtì, 60. A ò ní dárúkọ ẹni tó kà á lọ́sẹ̀ yẹn. Àwa la kà á. A ní, "Bàbá, òjò á rọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ máa gbìn."

Fóònù kò sọ pé "Ẹ máa gbìn." Àwa la fi kún un.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ lẹ́nu Màmá pé Bàbá ti lọ sóko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ti fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò, ó sì ti sọ pé ọ̀rinrin kò tíì wọlé dáadáa. Iyọ̀ náà ti padà gbẹ. Bí kì í bá ṣe tiwa ni, kì bá dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàwé sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Ní ọjọ́ Ajé, ó pe alágbàṣe mẹ́rin. Wọ́n gbin àgbàdo àti ẹ̀gúsí sí gbogbo ilẹ̀ tó ti tọ́jú. Irúgbìn àgbàdo náà kì í ṣe èyí tí a kó láti inú àká. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni, tí wọ́n ti po oògùn mọ́. Bí kò bá hù, èèyàn ò lè sè é jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ògiri dúdú náà dìde ní ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ dé, eruku dé, ó ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, òjò gba ọ̀nà mìíràn lọ. Lójú Bàbá, lórí àga rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó rí bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí oko ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Lọ́jọ́ yẹn, eji kò rí wa. Ní Ọjọ́rú, ó wọ́n winiwini, kò mú eruku tòrò. Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni òjò kò fi rọ̀ ní oko Bàbá. Àwọn irúgbìn kan wú, wọ́n yọ orí, wọ́n sì rọ. Èyí tí kò yọrí, àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ hú u jẹ.

A fẹ́ dá owó irúgbìn náà padà. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó iléèwé, ẹni tó wà ní Èkó ń jẹ gbèsè owó ilé, ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò tíì rí owó oṣù gbà. Ohun tí a rí kó jọ kò tó ìdajì. Màmá ló kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀. A mọ ohun tó ń dá àjọ náà fún. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì ti sọ fún un ní ọsibítù pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa yanjú ẹ̀. Ó ní ojú lè dúró, ilẹ̀ kì í dúró. Wọ́n tún ra irúgbìn, wọ́n tún gbìn, ìkórè dé pẹ́, ojú Màmá sì dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, bí a bá fi fóìsì ránṣẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí i. A mọ̀ pé ó ń fi ìka wá ibi tó yẹ kó tẹ̀ ni.

Bàbá kò bá wa wí. Ì bá sàn ká ní ó bá wa wí. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a ka ojú ọjọ́, ohùn wa ti tinrín. A dúró. Èsì dé: "Ẹ ṣé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹ ṣé" ni èèyàn máa ń sọ fún àlejò tó gbé omi fúnni. Oṣù mẹ́jọ la fi gba "Ẹ ṣé."

Ìgbà yẹn la tó jókòó, tí a bi ara wa pé, kí ni a ti ń kà fún Bàbá gan-an?

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé a ò mọ ìtumọ̀ 80 nínú 100. A rò pé ó túmọ̀ sí òjò púpọ̀. Rárá o. Ohun tó ń sọ ni pé tí a bá rí ọjọ́ mẹ́wàá tó jọ ọjọ́ yìí, òjò á rọ̀ ní mẹ́jọ, kò ní rọ̀ ní méjì. Ọjọ́ méjì yẹn kò sá lọ síbì kan, wọ́n wà nínú ìṣirò náà. Kò sì sọ bí òjò náà ṣe máa pọ̀ tó. Òjò winiwini tí kò lè mu ewé kókò yó náà ń jẹ́ òjò lójú fóònù. Bí òjò ṣe pọ̀ tó, ibòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní mílímítà, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí a kì í wò. Mílímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan. Lọ́sẹ̀ tí a ní kí Bàbá gbìn, mílímítà méjì, mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn. Omi tí Màmá fi ń fọ àwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì, a wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń wo sánmà Tedé. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ló ń ṣe ìṣirò fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò, tí wọ́n ń pè ní GFS, ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó sì gé ayé sí àpótí àpótí tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 13. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú àpótí kan, iye kan ṣoṣo ló máa fún un. Ìlú wa, oko wa, odò, igbó, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní tiwa sì lè rọ̀ sí apá kan oko kó fi apá kejì sílẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba ló là wá lójú níbí. Òjò tibẹ̀ sábà máa ń wá bí aṣọ tí wọ́n nà láti ìlú kan dé òmíràn, ó lè gbòòrò tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, wọ́n á ti máa rí i bọ̀ láti ọjọ́ kejì. Tiwa dà bí omi tó ń hó nínú ìkòkò. A mọ̀ pé ó máa hó, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìka tọ́ ibi tí èéfín àkọ́kọ́ máa ti yọ?

Ìkẹta ni pé kọ̀ǹpútà kò lè mọ ohun tí wọn kò sọ fún un. Ó nílò kí ẹnìkan wọn ooru, afẹ́fẹ́ àti òjò lórí ilẹ̀. NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ní ibùdó ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wọn òjò ní ilé wa. Tàbí ká sọ pé kò sí nígbà náà.

Nígbà tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn lọ kí wọn lọ́dún Kérésì, ó mú rúlà ìdíwọ̀n kan dání. Ó wá agolo mílíìkì ńlá kan tó dúró ṣánṣán láti ìdí dé ẹnu, ó kàn án mọ́ orí òpó lẹ́yìnkùlé, níbi tí igi àti òrùlé kò ti lè dí òjò lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé tí òjò bá rọ̀, kó ti rúlà bọ inú rẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó fa omi náà, kó ka iye mílímítà tí omi dé, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì dà á nù. Bàbá wo agolo, ó wo rúlà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ wá fẹ́ kí èmi náà máa ka ojú ọjọ́ fún yín ni?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. A bẹ̀ ẹ́. Ó gbà.

Látìgbà náà, alẹ́ Àìkú yí padà. Kì í ṣe àwa la máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá á sọ tiẹ̀ ná: mílímítà tó wọ agolo lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí ilẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́. Màmá á fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ kún un. Lẹ́yìn ìyẹn la tó ka ti fóònù. A máa ń ka iye méjèèjì, bó ṣe ṣeé ṣe tó àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ la máa ń tẹnu mọ́. Bó bá ti di ọjọ́ kẹfà, ìkeje, a máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fara tì í. A tún rí òdiwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti iṣẹ́ oko ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: òjò tó tó mílímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò sì ju ọjọ́ méje lọ láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Apá àkọ́kọ́, agolo lè sọ ọ́. Apá kejì, kò sí fóònù tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìdí nìyí tí Bàbá fi pín irúgbìn sí mẹ́ta. Kò gbin gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tó sọ ìyẹn, a mọ̀ pé ìbínú ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fòfin dè láàárín ara wa: "Ẹ máa gbìn."

Ohun tí a kà ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá nìyí. "Bàbá, Màmá, ẹ káalẹ́ o. Ojú ọjọ́ Tedé fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé, oòrùn, ooru á mú dé 35, òjò 20 nínú 100. Ìṣẹ́gun, ìkùukùu, 55 nínú 100, tó bá rọ̀, bíi mílímítà 4. Ọjọ́rú, 70 nínú 100, bíi mílímítà 15, àrá lè sán lálẹ́. Ọjọ́bọ̀, 40. Ẹtì, 35. Àbámẹ́ta àti Àìkú, 60, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì jìnnà." Bàbá ní mílímítà 9 ló ti wọ agolo ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Màmá ní iyọ̀ òun ti ń lẹ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò tíì sunkún.

Ọjọ́ Ajé, oòrùn ni. Ìṣẹ́gun, òjò ṣú, ó ká. Ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Ní Ọjọ́rú, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóìsì kan wọlé. Bàbá ló fi ránṣẹ́, kò sì sí ohùn Màmá nítòsí. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ariwo òjò lórí páànù nìkan la gbọ́, ó pariwo débi pé ẹni tó wà ní Èkó ní láti rẹ ohùn fóònù sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà jí. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. A gbọ́ ọ tán, a tún un gbọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ń retí mílímítà. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ iye tó rọ̀ o. Ìjì ti gbé agolo yín lọ." A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, a tún káàánú. Òjò tí a ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí, òun náà ló jí ohun tí a fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Bàbá kò dúró gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wa. Ó ní, "Mo ti oko dé. Mo gbẹ́ ilẹ̀ wò níbi mẹ́ta. Ó tutù kọjá ọrùn ọwọ́ mi. Iyọ̀ ìyá yín ti di omi. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni màá gbìn lọ́la. Kí ni fóònù yín sọ?"

A wò ó. Ohun tí a rí kò dùn mọ́ wa nínú. Òpin ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ 60 tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sí 35. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò lórí, kò nídìí. Ọkàn wa fẹ́ kí a fi adùn sí i fún un. A sọ ọ́ bó ṣe wà. A ní, "Bàbá, ó ti wálẹ̀ sí 35. A ò rí òjò ńlá kankan títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Ó dákẹ́. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo gbọ́. Ìdá kan náà ni màá gbìn. Ó dáa."

Ó gbìn ín ní ọjọ́ Ẹtì. Bí a ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ Àìkú ni, irúgbìn ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì, òjò kò sì tíì rọ̀ lé e lórí. Ó lè hù, ó lè má hù. Àpò méjì ṣì wà nílé. Ọmọ aládùúgbò ti rí agolo náà lẹ́yìn ọgbà wọn, ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, Bàbá sì ti fi òòlù tún un ṣe. Màmá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó yà á dáadáa, nítorí ojú rẹ̀ ti ríran báyìí.

Aago méje ààbọ̀ ti lù. Ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ yìí ti ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.